Kí Ojú Tó Tì Wá

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Gbogbo wa la gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá wa. Ẹni tó wá fi owó kún un lẹ́yìn náà ni n kò mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ ìwé owó fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní agbègbè Afijió yìí, láti Fìdítì dé Ìlọrà, láti Akínmọ̀rìn dé Awẹ́, àwọn tí mo sì ń bá pàdé jù kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í ṣe àpà. Ọkọ tí kò mọ iye tí ìyàwó rẹ̀ fi ń ṣòwò ni. Ìyàwó tó gbọ́ lẹ́nu ará ìta pé wọ́n ti san owó ìfẹ̀yìntì ọkọ òun láti ọjọ́ yìí wá ni. Àti ẹni tó jẹ gbèsè káàkiri, tí òun gan-an kò mọ àròpọ̀ rẹ̀. Ẹni ìkẹyìn yìí ló pọ̀ jù lọ. Bí mo bá bi í pé, "Èló ni gbogbo rẹ̀?" á ní, "Kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, ẹ̀gbọ́n." Bí mo bá wá gbé bírò lé e lọ́wọ́ pé kí ó kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òógùn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níwájú orí rẹ̀, nínú ọyẹ́.

Òógùn yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń wá láti Ìbàdàn wá dá wa lẹ́kọ̀ọ́ lórí owó. Wọ́n á ní ká yí èrò ọkàn wa padà, ká má máa bẹ̀rù owó, ká máa yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá sọ́tọ̀ kí a tó ná ìyókù. N kò kẹ́gàn wọn. Ṣùgbọ́n ìyá ẹlẹ́kọ kan dìde níbi irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ní Ìlọrà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ọmọ mi, ìdá kan nínú mẹ́wàá èwo?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, olùkọ́ wa sì yára ṣí ojú ewé tó kàn. Ìbéèrè gidi ni ìyá náà bi wọ́n. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà epo bẹ́ǹtíróòlù kan fò láti nǹkan bí ₦190 kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sí èrò ọkàn tó lè sọ kóńgò àgbàdo kan di méjì. Ẹni tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀, owó ni kò tó. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìwàásù bò ó mọ́lẹ̀.

Síbẹ̀, mo ti rí ẹni méjì tí oko wọn fara kanra, tí iye ọmọ wọn dọ́gba, tí ọ̀kan ń sùn tí oorun kò sì kun èkejì. Ìyàtọ̀ tí mo rí láàárín wọn ni pé ọ̀kan ní ẹni tó mọ iye tó ní àti iye tó jẹ. Èkejì kò ní. Àwọn baba wa mọ èyí. Gbogbo ohun tí wọ́n dá sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó, ojú ẹlòmíì wà níbẹ̀. Ìgbà tí ojú náà dé ni gbogbo ọ̀rọ̀: ṣé kí nǹkan tó bàjẹ́ ni, àbí lẹ́yìn tó ti bàjẹ́ tán.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ọsàn bẹ̀rẹ̀, nítorí òun la fi mọ Fìdítì. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ kọjá rí ti rí àwọn obìnrin àti ọmọdé tó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ pẹ̀lú ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó lórí àtẹ. Ohun tí èrò ọkọ̀ kì í rí ni pé ọsàn yẹn ti di ti ẹlòmíì tipẹ́. Ọsàn kì í so lóṣooṣù. Owó rẹ̀ kì í rìn bí owó olùkọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń wọlé, nígbà tí èso bá pọ́n láti ìparí ọdún wọ ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn. Owó ilé ìwé kì í sì í dúró dè é, oṣù Kẹsàn-án ni tirẹ̀. Nítorí náà, ní oṣù Keje, oṣù Kẹjọ, tí ọsàn ṣì dúdú lórí igi, alágbàtà á dé.

Mo ti tẹ̀lé wọn wọ oko. Alágbàtà kì í ka ọsàn. Á rìn wọ abẹ́ igi, á gbójú sókè, á fi ẹsẹ̀ yí èyí tó ti já bọ́ sílẹ̀, á pòṣé, á tún rìn lọ. Kò ní dárúkọ owó kankan nínú oko. Ó di ilé, nínú yàrá, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tilẹ̀kùn, kí ó tó dá owó lé gbogbo oko náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Olóko kò ní sọ pé owó ilé ìwé ló ń lé òun. Kò tilẹ̀ sí ìdí tí yóò fi sọ ọ́, kàlẹ́ńdà wà lára ògiri, àwọn méjèèjì sì jọ ń wò ó. Wọ́n á fi ohùn jẹ́jẹ́ ná an. Ẹni tó ní kí wọ́n tilẹ̀kùn kì í sì í ṣe alágbàtà o, olóko ni. Kò fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́ pé òun ta ọsàn òun ní dúdú.

Aládùúgbò náà ti ta tirẹ̀ ní dúdú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òun náà tilẹ̀kùn. Nígbà tí oko mẹ́wàá bá ti lọ báyìí, ẹnìkan ṣoṣo ló mọ iye tí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ, ẹni náà kì í sì í ṣe ará Fìdítì. Ìtìjú wa ni èrè rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, tí ọkọ̀ akẹ́rù bá ń kó ọsàn lọ sí Kétu l'Ékòó, ẹ ó rí olóko mìíràn tó ń bá wọn gbé agbọ̀n nínú oko ara rẹ̀, fún owó òòjọ́.

N kò bú alágbàtà. Òun ló fi owó rẹ̀ há sórí igi fún oṣù bíi mélòó kan. Bí ìjì bá jà, tirẹ̀ ló jà. Èrè tọ́ sí i. Ohun tí n kò gbà ni pé kí ó jẹ́ òun nìkan ni yóò mọ iye ọjà. Nínú ẹgbẹ́ kan tí mo ń bá kọ̀wé, a bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wa nípàdé pé, "Èló ni wọ́n pè fún ọ?" Níbẹ̀rẹ̀, ilé pa lọ́lọ́. Bàbá kan ló kọ́kọ́ la ẹnu, bóyá nítorí pé ó ti dàgbà kọjá ìtìjú. Bó ṣe dárúkọ iye tirẹ̀ báyìí, ẹni tó jókòó tì í kígbe, "Háà!" Oko tirẹ̀ fẹ̀ ju ti bàbá lọ, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì. Láti ọjọ́ náà ni àwọn alágbàtà ti mọ̀ pé bí àwọn bá pe iye kan fún ẹnìkan, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ẹgbẹ́ á ti gbọ́. Owó tí wọ́n ń pè ti yàtọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ gbèsè ṣe rí nílẹ̀ Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ ni kí ó ṣí. Ọ̀yọ́ ló ti ṣe àlùfáà, ẹ̀gbẹ́ Ìlọrà níbí. Ó parí iṣẹ́ náà ní 1897, ó kú ní 1901, ìwé kò sì rí ojú ayé títí di 1921, lẹ́yìn tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un kọ, nítorí pé èyí tí Samuel kọ́kọ́ kọ ti sọnù sọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé. Ó sọ̀rọ̀ èsúsú níbẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ ìwọ̀fà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún olówó títí owó yóò fi pé, tí iṣẹ́ tó ń ṣe kò sì dín gbèsè náà kù ní ẹyọ kan, torí pé èlé ni. Ó sì sọ̀rọ̀ ológò.

Ológò ni ẹni tí olówó rán lọ dógò ti onígbèsè. Á wọ ilé onígbèsè, á jókòó, kò ní lọ. Á máa pariwo, á máa yọ onílé lẹ́nu, á gbá adìẹ tó bá kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ mú, ì báà jẹ́ ti onígbèsè, ì báà jẹ́ ti ará ilé mìíràn, kí gbogbo agbo ilé lè mọ̀ pé gbèsè ń bẹ nílé yìí. Lẹ́yìn wọn ni àwọn òṣómàáló dé, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ru aṣọ kiri tà láwìn, tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni títí owó yóò fi jáde. Ojú ni wọ́n ń pè jọ. Ojú tó dé lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ológò kò sì kú. Inú fóònù ló kó lọ.

Ẹ jẹ́ ká ní ọmọ kan yá ₦30,000 lórí fóònù. Wọ́n á yọ owó iṣẹ́ àti èlé sílẹ̀ ná, kí ìyókù tó wọlé sí àpò rẹ̀, bíi ₦22,000. Ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ₦30,000 pípé ni wọ́n ń retí. Nígbà tó ń gba owó náà, ó tẹ ibi tí wọ́n ní kí ó tẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti fi gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́: ti ìyá rẹ̀, ti pásítọ̀, ti àna rẹ̀, tèmi náà. Bí ọjọ́ bá pé tí kò rí i san, àtẹ̀jíṣẹ́ á máa rọ̀ lu gbogbo wa bí òjò, àwòrán ọmọ náà níwájú, ọ̀rọ̀ "olè" lábẹ́ rẹ̀. Àjọ FCCPC ti ìjọba àpapọ̀, tó ń dáàbò bo oníbàárà, gbé ìlànà jáde lórí àwọn ayánilówó orí fóònù ní 2022. Google náà fòfin dè é ní 2023 pé ètò ayánilówó kankan tó wà lórí àtẹ àwọn kò gbọdọ̀ wo nọ́ńbà tàbí àwòrán inú fóònù ẹni mọ́. Ó dín kù. Kò tán.

Irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló gbé mi lọ sí ìsọ̀ aránṣọ kan ní Ìlọrà. Ibi márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti yáwó, ó ń fi ti èyí san ti ìyẹn. Ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí ìyá mi gbọ́." Ìyá rẹ̀ ti gbọ́ kí n tó gbọ́; nọ́ńbà tiẹ̀ ló ṣáájú nínú fóònù. Mo bi í pé kí ni ó fi èyí àkọ́kọ́ ṣe. Mọ́tò ẹ̀rọ ìránṣọ ló jó, ó fẹ́ tún un ṣe. Ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ tó wà ní àdúgbò náà ì bá yá a ní ilọ́po méjì owó náà láìsí èlé, owó rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Kí ló dé tí kò bèèrè? Ó ní òun kò fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ òun mọ̀ pé nǹkan le fún òun. Ó sá fún ojú ènìyàn mẹ́wàá, ó bọ́ sábẹ́ ojú ọ̀ọ́dúnrún.

Ikú yá ju ẹ̀sín, a máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìwúrí. N kì í sọ ọ́ mọ́. Iṣẹ́ tí òwe náà ti ṣe ní ìlú yìí ti pọ̀ jù. Òwe tí mo fẹ́ kí á fi rọ́pò rẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ wa ni pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

 

Èsúsú tí Johnson kọ nípa rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà. Obìnrin mẹ́wàá á máa dá ₦20,000 lóṣù, ẹnìkan á kó ₦200,000, ó di oṣù tó ń bọ̀ kó tó kan ẹlòmíì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó o, yíyá ló yá. Ẹni tó bá kó o kẹ́yìn, pípamọ́ ló ń pamọ́. Èlé kò sí, ìwé ìdógò kò sí. Ohun tó wà ni pé àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá mọ ẹni tó kàn, wọ́n sì mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, nítorí ohun tó fẹ́ fi ṣe ni yóò sọ kí wọ́n tó yí ipò rẹ̀ síwájú. Ojú tó dé ṣáájú nìyẹn.

Ti alájọ tilẹ̀ tún yé mi ju ti èsúsú lọ. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé máa ń bi mí pé ọgbọ́n wo ló wà nínú kí ènìyàn sanwó fún ẹni tó ń bá a tọ́jú owó. Ẹ wò ó: alátà kan ń dá ₦500 lójúmọ́. Ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lórí káàdì, bí gbogbo rẹ̀ bá kún, owó náà di ₦15,500. Alájọ á mú ti ọjọ́ kan, á fún un ní ₦15,000. Ní báńkì, èlé ni wọn ì bá fi lé e, bó ti wù kó kéré mọ. Mo gbé ìṣirò yìí síwájú alátà kan ní ọjà Fìdítì rí. Ó gbọ́ mi parí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wá ní, "Alájọ máa ń dé ìsọ̀ mi lójoojúmọ́. Báńkì kì í wá." Ọ̀rọ̀ tán. Obìnrin náà mọ ohun tó ń fi ₦500 rẹ̀ rà: ẹnìkan tí yóò dúró níwájú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tí yóò sì mọ̀ bí ilé kan bá ṣófo lórí káàdì. (Alájọ mìíràn máa ń sá lọ. Mo mọ̀. Ẹni tí a kò mọ ilé bàbá rẹ̀, kí a má dá àjọ fún un.)

Ẹ wá fi èyí wé àwọn ètò tó ní àwọn á sọ owó kékeré di ńlá: MMM tó ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn lójú ní oṣù Kejìlá 2016, àti CBEX tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2025, tí inú bí àwọn kan débi pé wọ́n kó ẹrù inú ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìbàdàn lọ. Àwọn ará ibí wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Láàárín gbogbo àwọn tó wá sunkún sí mi lọ́rùn, n kò rí ẹyọ kan tó dìde nípàdé kí ó tó fi owó síbẹ̀ pé, "Mo fẹ́ ṣe báyìí o, ẹ bá mi dá sí i." Bó bá bèèrè ni, àwọn ìyá wa ì bá bi í ní ìbéèrè kan péré: ta ló ń ṣiṣẹ́ tí owó yìí fi ń bímọ? Àwọn tó fi owó síbẹ̀ kò bèèrè nítorí wọ́n mọ̀ pé a ó bi wọ́n.

Ẹni tó bá ní kí n rọra níbí ní ẹjọ́ rere. Kì í ṣe gbogbo ìkọ̀kọ̀ ló burú. Bí ará ilé bá gbọ́ pé ọsàn ti di owó, kó tó di ọjọ́ kẹta, àbúrò á fẹ́ ra ọ̀kadà, ẹ̀gbọ́n bàbá á rántí òkú tí wọn kò tíì ṣe, ẹni tí kò pè ẹ́ láti ọdún tó kọjá á kí ẹ káàárọ̀. Obìnrin tó bá fi gbogbo èrè rẹ̀ han ọkọ tó ń ta tẹ́tẹ́ ti fi ẹran lé ajá lọ́wọ́. N kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ kéde owó rẹ̀ ní ọjà. Ojú tí a fúnra wa yàn ni mò ń wí, ojú tí òun náà ní tirẹ̀ tí à ń wò.

Àti pé ẹgbẹ́ gan-an ló ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ẹbí jù. "Owó mi wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ó di òpin ọdún" kì í ṣe irọ́, kò sì sí ẹni tó lè bínú sí i. Ìyá kan wà lọ́dọ̀ wa tó máa ń yáwó nígbà tí owó tó fi pamọ́ sọ́wọ́ wa ju èyí tó yá lọ. Mo bi í léèrè. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní bí ọmọ ìyá òun bá wá tọrọ owó, ìwé gbèsè ni òun ń nà sí i. Èlé tó ń san fún wa lórí owó yẹn, owó ìdáàbòbò ni. N kò rò pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ nínú ìwé.

Ohun kan tún wà ní Ìlọrà tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò Farm Settlement ní 1959, Ìlọrà wà nínú àwọn ibi tí wọ́n kọ́kọ́ mú. Ilẹ̀ Ísírẹ́lì ni wọ́n ti wo àwòṣe rẹ̀. Wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé jọ, wọ́n fún wọn nílẹ̀, wọ́n kọ́ ilé fún wọn, wọ́n sì ń fún wọn ní owó ìtọ́jú lóṣooṣù títí oko yóò fi máa mówó wọlé. Nínú fáìlì ìjọba, gbèsè ni gbogbo rẹ̀, tí wọ́n yóò máa san díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lójú ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ náà, owó oṣù ni. Owó tó ń dé lóṣooṣù, tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń mú wá, kí ni ìbá tún jẹ́? Nígbà tí ọ̀rọ̀ sísan padà dé, ọ̀pọ̀ ti kó ẹrù lọ sí ìgboro wá iṣẹ́. Àwọn kan kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò fẹ́ràn oko. Èmi ò gbà. Ìwé gbèsè tó wà ní Ìbàdàn, tí onígbèsè wà ní Ìlọrà tí kò rí i kà, báwo ni yóò ṣe san án?

Nítorí náà ni mo ṣe di kíka ìwé ẹgbẹ́ sókè mú. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà ní Nàìjíríà láti 1935, ó sì ní kí wọ́n máa yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò lọ́dọọdún. Kíkà tí mò ń wí yàtọ̀ sí èyí. Oṣooṣù ni, lójú gbogbo ènìyàn. Akọ̀wé á ṣí ìwé gbàgẹ̀rẹ̀, á pe orúkọ, á ka iye tí o ti fi pamọ́, iye tí o yá, iye tó kù. Ìwọ á ṣí ìwé kékeré ọwọ́ rẹ, wàá ní, "Ó pé." Bí kò bá pé, wàá sọ ọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yáwó, á sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, onídùúró méjì á dìde fún un, ẹnikẹ́ni sì lè bi í ní ìbéèrè. A ní òfin kan tó le: ẹni tó bá fi ẹlòmíì rẹ́rìn-ín nígbà tí à ń kàwé, tàbí tó bá gbé e dé ọjà, owó ìtanràn ń bẹ.

Ọmọ ẹgbẹ́ tuntun máa ń tẹrí ba nígbà tí a bá ń ka tirẹ̀. Ó máa ń dà bíi pé à ń bọ́ aṣọ lára rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbórí sókè, nítorí ó ti gbọ́ ti àwọn yòókù: alága náà jẹ gbèsè, ẹni tó ń wọ léèsì náà kò ní ju tirẹ̀ lọ nínú ìwé. Òógùn yẹn á gbẹ. Iye tó ti gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì kò lè lé e ká mọ́ lóru.

Ní oṣù Kejì 2023, lẹ́yìn tí ìjọba ti pààrọ̀ owó náírà, tí owó tuntun kò sí lóde, tí wọn kò gba ti àtijọ́, tí ọ̀pẹ̀ òyìnbó ń jẹrà lójú títì nítorí pé ẹni tó fẹ́ rà á kò rí owó fà jáde, kó tó di pé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta pé kí á máa ná ti àtijọ́ lọ, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ń rí ọjà gbà láwìn lọ́wọ́ ara wọn. Wọ́n mọ iye ara wọn. Àwọn tó ní owó nínú báńkì tí ẹnìkan kò mọ̀, iwájú ẹ̀rọ ni wọ́n tò sí.

Àmọ́ ìwé kíkà yìí ti ń kú lọ. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń fi iye oníkálukú ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, ìpàdé á wá di jíjẹ jọ́lọ́ọ̀fù àti àdúrà ìparí. Wọ́n ní ó yá, wọ́n ní kì í tàbùkù ẹnikẹ́ni. Lóòótọ́ ni, ó yá. Ohun tí mo rí nínú àwọn ìwé tí mo bá wọn yẹ̀ wò ni pé gbèsè tí kò wọlé ń pọ̀ sí i láti ìgbà náà, onídùúró kò sì mọ̀ pé ẹni tí òun dúró fún ti dá owó dúró títí tí wọ́n fi wá gbá a mú.

Ẹ̀yin akọ̀wé àti alága ẹgbẹ́ ní Fìdítì, ní Ìlọrà, ní Jọbẹlẹ̀, ní Ìlú-Ajé, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín kò ju ẹyọ kan lọ: nípàdé tó ń bọ̀, kí ẹ tó pín oúnjẹ, ẹ ṣí ìwé, kí ẹ sì kà á sókè. Ti alága ni kí ẹ kọ́kọ́ kà.